Ẹ Kọ́kọ́ Wo Aago Kí Ẹ Tó Wo Ìgbì

Nǹkan tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣí lórí fóònù mi láàárọ̀ kì í ṣe WhatsApp, kì í ṣe Facebook, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ orí òkun ni. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Èmi kì í ṣe atukọ̀, mi ò mọ̀wẹ̀ pàápàá, omi tó bá ti kọjá orúnkún báyìí ẹ má bá mi dá a. Àbúrò mi ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun, àwọn ọkọ̀ gàgàrà tó ń kó kọ̀ńténà yẹn, ó sì wà lára àwọn tó máa ń dúró lókè níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀, wákàtí mẹ́rin láàárọ̀, wákàtí mẹ́rin lálẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ kì í sábà jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, lónìí Àtìláńtíìkì, oṣù tó ń bọ̀ Pàsífíìkì, ìgbà míì Òkun Íńdíà, bẹ́ẹ̀ lèmi tí mo jókòó sílé ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ ìjì.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo lọ da ápù kan sórí fóònù, irú èyí tó máa ń kun gbogbo òkun ní àwọ̀, búlúù pé kò sí wàhálà, yẹ́lò pé ẹ rọra, pupa pé ẹ sá. Mo wo ibi tí ọkọ̀ wọn wà, búlúù ni gbogbo ẹ̀, afẹ́fẹ́ ò tó nọ́ọ̀tì 8 (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì orí òkun kan ní wákàtí kan). Mo bá fi vóìsì nóòtù ránṣẹ́, mo ní ọkàn mi ti balẹ̀, òkun yín pa rọ́rọ́, kí wọ́n lọ sùn dáadáa. Ọjọ́ kejì tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn dé ló tó dá mi lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sùn? Látàná ni ọkọ̀ ti ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, abọ́ ti fọ́ tán ní kíṣìnnì, ẹ dẹ̀ wá wò ó, afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́ o."

Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ọkọ̀ ń fì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi rárá. Èmi rò pé afẹ́fẹ́ ló ń da ìgbì, tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́ kò sí ìgbì nìyẹn. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé irọ́ kọ́ ni mo pa, afẹ́fẹ́ náà ló ń da ìgbì lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe dandan kó jẹ́ afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ yín. Ìjì lè jà ní ibi tó jìnnà tó ẹgbẹ̀rún máìlì méjì, ìjì yẹn á jà á tán, á kú, àmọ́ ìgbì tó dá sílẹ̀ ò ní kú, ṣe ni yóò máa bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ wá gba gbèsè. Irú ìgbì arìnrìn-àjò yẹn ni wọ́n ń pè ní swell. Ó máa ń gùn, orí rẹ̀ máa ń ṣe róbótó, kì í ní ìfófòó púpọ̀, ojú lásán lè má tètè rí i, àmọ́ tó bá kọlu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹ ó mọ̀.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ swell ni pé ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín orí ìgbì kan àti orí ìgbì tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní period, ẹ wá fi ọ̀kan àbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, iye nọ́ọ̀tì tí agbára ìgbì yẹn fi ń rìn nìyẹn lójú òkun tó jìn. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 16, nọ́ọ̀tì 24 nìyẹn, ní ọjọ́ kan péré á ti rin bíi máìlì orí òkun 580. Tó bá jẹ́ 8, nọ́ọ̀tì 12 ni, ìdajì. Ìyẹn ni pé èyí tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ni ìránṣẹ́, ó lè má ga ju ìdajì mítà lọ tí èèyàn ò fi ní kà á sí, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn atukọ̀ àtijọ́ ò ní sátẹ́láìtì, swell gígùn tó bá ti ń ti apá ibi tí wọn ò retí wá ni wọ́n fi ń mọ̀ pé hurricane, ìjì ńlá tó ń yí, wà níbì kan. Bàbá àlùfáà kan wà ní Havana ní Kúbà, Benito Viñes lorúkọ ẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1875 ló gbé ìkìlọ̀ hurricane jáde, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ga jù lọ lókè ló ń wò, ibi tó bá ti ń fọ́n wá ló fi ń mọ ibi tí ìjì wà. Ojú lásán o, pẹ̀lú bàròmítà, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́.

Látọjọ́ náà ni mo ti pa ápù aláwọ̀ yẹn tì. Mi ò sọ pé kò dáa, àmọ́ àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún yín fún nǹkan mẹ́ta mẹ́rin tó yàtọ̀ síra, ìgbì mítà méjì tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 6 síra, èyí tó máa ń gbá ọkọ̀ kékeré létí bí ẹni tó ń jà, àti ìgbì mítà méjì tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 15 síra, àwọ̀ kan náà ni wọ́n máa kùn wọ́n. Ó burú bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mò ń kà báyìí ni àsọtẹ́lẹ̀ oní-lẹ́tà, High Seas Forecast. Fún àwọn omi tropics, ìyẹn ẹkùn gbígbóná ìhà ìlà agbedeméjì ayé, ní Àtìláńtíìkì àti ìlà oòrùn Pàsífíìkì, National Hurricane Center, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ìjì, tó wà ní Miami ló ń kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, lẹ́tà ńláńlá ni gbogbo ẹ̀ bí ẹni tó ń pariwo, kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i ńṣe ló dà bí tẹlifóònù ẹnì kan tó bàjẹ́. Àmọ́ tí ojú yín bá ti mọ́ ọn, ẹ ò ní fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́. Gbogbo òkun ayé ni wọ́n pín sí agbègbè 21 tí wọ́n ń pè ní METAREA, agbègbè kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè tó ń kọ tiẹ̀, ọkọ̀ á sì gbà á láti orí sátẹ́láìtì. Wọ́n á sọ ibi tí ìjì wà, wọ́n á sọ wákàtí 24, wákàtí 48, wọ́n á wá fi gbólóhùn kan tí mo fẹ́ràn jù kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀, pé ìyókù agbègbè náà, afẹ́fẹ́ 20 nọ́ọ̀tì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá rí i pé inú "ìyókù" yẹn ni ọkọ̀ àbúrò mi wà, mo máa lọ jẹun.

Ó wá ku gbólóhùn kan tó wà lókè pátápátá tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, èmi náà fò ó fún oṣù mélòó kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gíga ìgbì tí àwọn ń sọ, àròpín gíga ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìgbì, àwọn tó ga jù, ni, pé ìgbì kan ṣoṣo lè ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Ẹ gbọ́ o. Tí wọ́n bá ní mítà 4, mítà 8 ò ṣàjèjì, ẹni tó bá wà lórí omi fún wákàtí mélòó kan lè rí ọ̀kan. Wọn ò tan yín jẹ, ẹ̀yin lẹ ò kà á.

Àmọ́ àṣìṣe tèmi tó burú jù kọ́ nìyẹn. Àṣìṣe tèmi, ti aago ni. Àárọ̀ ọjọ́ kan mo kà á fún àbúrò mi látòkè délẹ̀, mo fi gbogbo ara kà á, pé ìjì kan báyìí wà ní ìhà àríwá yín, ó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka aago tó wà lórí ẹ̀ fún mi." Mo kà á. Ti àná ni. Fóònù mi ló gbé ojú ewé àná tó ti wà nílẹ̀ wá, kò lọ gba tuntun, èmi náà ò sì wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ọmọlúàbí ni, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó wá sọ ìtàn El Faro fún mi, ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ láti máa wo aago kí n tó wo nǹkan míì.

El Faro, ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà ni, ọdún 1975 ni wọ́n kàn án. Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ló kúrò ní Jacksonville ní Florida, ó ń lọ sí San Juan ní Puerto Rico, ọ̀nà tó ti tọ̀ láìmọye ìgbà. Ìjì kan tó ń jẹ́ Joaquin wà lójú omi nígbà náà, ìjì yẹn gan-an sì ṣòro láti mọ̀, àwọn àsọtẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ò gbé e gba ibi tó padà gbà, ó yà sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn síhà Bahamas nígbà tí ọ̀pọ̀ ìjì ibẹ̀ máa ń yà sókè, ó tún ń lágbára kíákíá. Ohun tí àwọn tó ṣèwádìí rí lẹ́yìn náà ni pé ọ̀gá ọkọ̀ gbójú lé máàpù ojú ọjọ́ kan tó ń wọlé nípasẹ̀ ímeèlì, máàpù yẹn dáa lójú, ó ní àwọ̀, àmọ́ ibi tí ìjì wà nínú ẹ̀ ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó dé ọwọ́ ẹ̀, nígbà tí ìwé oní-lẹ́tà tó jẹ́ tuntun ń wọlé lórí ẹ̀rọ míì nínú ọkọ̀ kan náà. Àwọn tó ń ṣọ́nà lóru pè é nínú yàrá ẹ̀, wọ́n dábàá pé kí wọ́n yà sí gúúsù. Wọn ò yà. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọkọ̀ náà rì nítòsí Bahamas, èèyàn 33 ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, wọ́n rí i nísàlẹ̀ òkun lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ohùn wákàtí 26 ló wà nínú ẹ̀.

Mi ò lè sọ ìtàn yẹn kí n má dákẹ́ díẹ̀. Aago nìkan kọ́ ló pa wọ́n, ọkọ̀ ti gbó, omi ń wọlé, ẹ́ńjìnnì kú, nǹkan pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ máàpù tó rẹwà tó ti di ti àtàárọ̀ àti ìwé tó burẹ́wà tó jẹ́ ti ìsinsìnyí, èwo lẹ máa wò? Ojú èèyàn máa ń lọ síbi tó rẹwà.

Aago ọ̀hún náà sì ní wàhálà tiẹ̀, torí UTC, aago kan náà tí gbogbo ayé ń lò, ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kì í ṣe aago ibi tẹ́ ẹ wà. Àti pé aago méjì ló máa ń wà nínú ẹ̀, aago tí wọ́n gbé e jáde àti aago tí nǹkan tí wọ́n ń sọ ṣẹlẹ̀, wákàtí mélòó kan máa ń wà láàárín wọn. Kí ọkọ̀ tó gbà á, kí ẹni tó wà lórí iṣẹ́ tó kà á, ìjì tó ń rin nọ́ọ̀tì 12 lè ti rin máìlì 70 kúrò níbi tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn àgbà wa ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ iye máìlì téèyàn á fi yẹ̀ ẹ́. Àwọn atukọ̀ ló fi òfin 1-2-3 sí i. Bó ṣe rí nìyí: ẹ mú ibi tí wọ́n ní ìjì máa wà ní wákàtí 24, ẹ wo bí afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 34 ẹ̀ ṣe tàn tó yí i ká, ẹ wá fi máìlì 100 kún un. Ti wákàtí 48, ẹ fi 200 kún un. Ti wákàtí 72, 300. Gbogbo ibi tí òbìrí yẹn bá bò, ẹ má dé ibẹ̀. Lóde òní àsọtẹ́lẹ̀ ipa ọ̀nà ìjì ti dáa ju ti ìgbà tí wọ́n ṣe òfin yìí lọ dáadáa, àwọn kan á ní 300 ti pọ̀ jù, wọ́n á ní epo ń jó. Èmi ò sí níbẹ̀, mi ò ra epo, ẹ jẹ́ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Torí ipa ọ̀nà lọ̀tọ̀, agbára lọ̀tọ̀. Ẹ rántí Otis, oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìhà Pàsífíìkì ní Mẹ́síkò. Wọ́n rò pé ìjì tí kò ní tó hurricane ló máa fi dé etí òkun, láàárín ọjọ́ kan péré ó ti di Category 5, ìpele tó lágbára jù, ó sì wọ Acapulco lóru. Iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń pe ìjì lórúkọ nìyí, ó yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n: kí ó tó 34 nọ́ọ̀tì, depression lásán ni, 34 sí 63 ni tropical storm, ó ti ní orúkọ tiẹ̀ nìyẹn, 64 lọ sókè ni hurricane. Ní ìwọ̀ oòrùn Pàsífíìkì typhoon ni wọ́n ń pè é, ní Òkun Íńdíà cyclone, nǹkan kan náà ni, bí orúkọ ìbejì.

Omi gbígbóná ni gbogbo wọn ń jẹ, omi tó bá ti tó bíi 26.5 ní Celsius. Wọn kì í sì í sábà wáyé nítòsí ìlà agbedeméjì ayé gan-an, torí pé bí ayé ṣe ń yí ló ń mú ìjì yí, ibẹ̀ yẹn kò sí agbára tó máa yí i. Àfi Vamei lọ́dún 2001 tó wáyé nítòsí Singapore ní bíi dígírì kan àbọ̀ péré sí ìlà náà, àwọn onímọ̀ fúnra wọn lanu.

Ṣùgbọ́n kéèyàn má rò pé ìjì olórúkọ nìkan ló ń dá ọkọ̀ lóró ní tropics, ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò sí hurricane kankan, ó ń le náà ni. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀ oòrùn máa ń fẹ́ lórí Òkun Arébíà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìdúró, 30 nọ́ọ̀tì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbì mítà 4 sókè, kò sí ojú ìjì kankan nínú máàpù, ṣe ló kàn ń fẹ́. Àbúrò mi ní òun máa ń so bẹ́ẹ̀dì òun mọ́ra òun níbẹ̀. Ibòmíì tún ni Tehuantepec, ìhà Pàsífíìkì ní gúúsù Mẹ́síkò, tí òtútù bá ti ti Amẹ́ríkà sọ̀ kalẹ̀ wá lásìkò ọ̀gìnnìtìn, afẹ́fẹ́ tútù yẹn á rí àyè kan láàárín àwọn òkè, á gba ibẹ̀ bíi omi tó gba ẹnu páìpù, á bọ́ sórí òkun ní 40 nọ́ọ̀tì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ọ̀run á sì mọ́ kedere, oòrùn á máa ràn! Ẹ wo irú ìyẹn. Ẹni tó bá ń fi ìkùukùu mọ ìjì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá a.

Ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan, tí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, ni àárín gbùngbùn, níbi tí trade wind, afẹ́fẹ́ tó sábà máa ń fẹ́ láti ìhà ìlà oòrùn, ti àríwá àti ti gúúsù ti pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ITCZ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á kú pátápátá, òkun á dà bí díńgí, àfi kí ìkùukùu dúdú kan dìde, òjò tú, ààrá sán, afẹ́fẹ́ 35 nọ́ọ̀tì fún ogún ìṣẹ́jú, ó tún parí, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún ọkọ̀ kan pé aago báyìí ni tiyín. Ohun tí wọ́n lè kọ kò ju pé ààrá wà káàkiri láàárín dígírì báyìí sí báyìí. Àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń wo ibẹ̀ náà ò tó, àwọn bọ́ì, ohun èlò tó ń léfòó, tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láàárín Àtìláńtíìkì láti ọdún 1997 ò tó ogún, sátẹ́láìtì tó ń wo afẹ́fẹ́ lójú omi ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ipa tó bá gbà, ibi tí ó fò lónìí lè jẹ́ ibi tí nǹkan wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ fúnra wọn fi máa ń fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́, àbúrò mi wà lára wọn, ó máa ń kọ afẹ́fẹ́, ìgbì, ìkùukùu, bàròmítà. Mo wá ń rò ó nígbà míì pé lára ohun tí mò ń kà láàárọ̀ yìí, ọmọ ìyá mi ló kọ ọ́.

Bàròmítà yẹn ló fẹ́ pa mí lánàá. Ó ti sọ fún mi lọ́jọ́ tó ti pẹ́ pé ní tropics bàròmítà kì í sábà yí padà bíi ti àwọn ìlú òtútù, tó bá fi bíi 3 hPa (hPa ni wọ́n fi ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́) wálẹ̀ sí iye tó yẹ kó jẹ́ lásìkò yẹn, kéèyàn fura, tó bá tó 5, kéèyàn má fura mọ́, kó gbà pé ìjì wà nítòsí. Èyí tí mo gbàgbé ni ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwọn, ó kọ̀wé sí mi pé bàròmítà àwọn wà ní 1013. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwọn, ó ní 1010. Mo fò dìde. 3 ti lọ! Mo ṣí High Seas, mo wo aago ẹ̀, tuntun ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, inú "ìyókù" ni wọ́n wà. Mo pè é, kò wọlé. Mo tún pè é.

Ìgbà tó dáhùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oòrùn ni o." Ooru oòrùn ló ń mú afẹ́fẹ́ ayé lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bí òkun ṣe ń kún tó ń fà, bàròmítà á ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, á wálẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin, tọ̀sán tòru, ojoojúmọ́ ayé, hPa 2 tàbí 3. Ó ní tí kò bá wálẹ̀ ni kí n máa bẹ̀rù.

Mo ní ó dáa. Mo ní kó tún wò ó fún mi ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ó fi àwòrán bàròmítà náà ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì, 1013, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.